Ojú Ewé Tí Ẹ Fi Sílẹ̀ Láìkọ

A lọ sìnkú ní Oǹdó lọ́jọ́ Ẹtì kan, èmi àti àwọn tíṣà àtijọ́ mẹ́ta. Ẹni ọdún 87 ni bàbá tí a lọ sin. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti lẹ pósítà mọ́ ògiri láti Yábà títí dé Sábó nínú ìlú náà: bàbá nínú agbádá, orúkọ àwọn ọmọ gbọọrọ, 87 gàdàgbà lábẹ́ àwòrán. Ojú àwọn ọmọ olóògbé kò tíì gbẹ nígbà tí mo rí ọkùnrin kan tó dúró gbagidi síwájú ọ̀kan nínú pósítà náà. Mo ní ẹni yìí mà fẹ́ràn bàbá o. Àfi bó ṣe yọ bírò létí, tó kọ 87 sí àtẹ́lẹwọ́, tó yíjú sí ọkọ̀ tó gbé òkú wá, tó tún kọ nọ́mbà ìdí ọkọ̀ náà sí abẹ́ rẹ̀. Ó sọdá títì, ó lọ bá ọmọbìnrin kan tó jókòó sábẹ́ agboòrùn pẹ̀lú ẹ̀rọ pélébé tó ń tẹ tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì. Kí wọ́n tó da iyẹ̀pẹ̀ sórí pósí, bàbá ti di tú-ṣọ̀, nọ́mbà méjì orí tíkẹ́ẹ̀tì.

Láti ẹ̀yìn orí ni mo ti mọ ẹni tó jẹ́. Mo kọ́ ọ ní ìṣirò ní kíláàsì kẹrin. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ó ti ní ọmọ-ọmọ, àti nítorí pé bí mo bá dárúkọ rẹ̀, ẹ̀yin yòókù á máa fi í rẹ́rìn-ín. Gbogbo yín ni mò ń bá wí. Ẹ̀yin tí ẹ ń pé jọ sẹ́nu kíọ́sìkì lọ́tìrì ní Arákalẹ̀ ní Àkúrẹ́ láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹ̀yin awakọ̀ Àkúrẹ́ sí Oǹdó, tí èrò kò tíì kún ọkọ̀ yín tí ẹ ti ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n lá lálẹ́ àná. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ẹgbẹ́ mi, tí ẹ ń fi awò wo ṣáàtì nọ́mbà tó ti jáde bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń tajà nínú Ọjà Ọba, tí ẹ ká tíkẹ́ẹ̀tì sí kóńkó aṣọ níbi tí owó ọjà ń gbé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti pẹ́ lọ́jà yìí jù, tí mò ń wo orí tó wọ́ tí mo dákẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìsìnkú náà, ọmọ tí mo kọ́ yìí wá kí mi nílé ní Àkúrẹ́. Ìtìjú ló gbé e wá. Ó mọ̀ pé mo rí òun. Ó gbé ìwé kan dání, ó ní kí n wò ó ná kí n tó bá òun jà. Ẹ̀yin ará, mo wò ó. Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle, ó fi rúlà fa ìlà pupa sí gbogbo ojú ewé rẹ̀. Lápá òsì, nọ́mbà márùn-ún tó jáde. Lápá ọ̀tún, márùn-ún kejì tí ẹ ń pè ní maṣíìnì. Ọjọ́, oṣù, ọdún, láti 2009. Kò fo ẹyọ ọjọ́ kan. Ti lọ́tìrì Bàbá Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, ti Gánà wà lọ́tọ̀: Monday Special, Lucky Tuesday, Mid-Week, Fortune Thursday, Bonanza ọjọ́ Ẹtì, National ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìyàwó bímọ, ó kọ ọ́. Ìyá rẹ̀ kú, ó kọ ọ́. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ, n kò rí ìwé tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí mo nà lẹ́gba nítorí táìmù-tébù 7!

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi. Ó ní bí 27 bá jáde lónìí, kí n máa retí 72, nítorí yíyí rẹ̀ ni. Tọ́nìn lẹ ń pè é. Ó ní kò sí nọ́mbà tí kò ní èkejì, káńtápáàtì: 1 pẹ̀lú 46, 2 pẹ̀lú 47, títí tó fi dé 45 pẹ̀lú 90. Ó fi ìka tọ ojú ewé láti òkè wá sísàlẹ̀ bí ọdẹ tó ń tọ ipa ẹtu. "Ẹ wò ó, Tíṣà, 13 nìyí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ó tún sún. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ibí yìí ló ń bọ̀." Ó ní 61 sì ti sùn, ó ti tó ìgbà àádọ́ta tí wọ́n ti yọ nọ́mbà tí kò jáde, ó di dandan kó jí. "Bánkà ni, Tíṣà. Kò lè já wa kulẹ̀."

Mo bi í ní ìbéèrè kan. Mo ní, ojú ewé wo lo kọ iye owó tó o ti fi ta á sí?

Ó ṣí ìwé náà síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. Kò sí. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko, kò sí ìlà kan tó sọ pé lónìí, mo san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Ó mọ nọ́mbà tó jáde lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọmọ rẹ̀ kẹta lórúkọ. Kò mọ iye tó san lóṣù tó kọjá. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín èmi àti ẹ̀yin nìyí. Ẹ ní ohun tó ti kọjá ló ń tọ́ka ohun tó ń bọ̀. Ó dáa. Kí ló wá dé tí ẹ fi ń kọ gbogbo ohun tó ti kọjá, tó fi ku èyí tó ti àpò yín jáde?

Kí ẹ má baà sọ pé ẹni tí kò tọ́ ọ wò rí ló ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Mo ta púùlù. Ní 1975, kó tó di pé wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba san owó Údójì fún àwa òṣìṣẹ́, àfikún owó oṣù tó ti kó jọ, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ẹgbẹ́ mi ra alùpùpù. Àwọn kan ra páànù ilé. Èmi ra kúpọ́ọ̀nù. Bọ́ọ̀lù àwọn òyìnbó England ló wà lórí rẹ̀, a ó sì máa wá èyí tí wọ́n máa gbá ọ̀mì. Bí àwọn yẹn bá lọ sinmi, a ó kọjá sí ti Australia, ìlú tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ bóyá òkè ló wà tàbí ìsàlẹ̀. Páànù tí ǹ bá fi bo ilé mi, àwọn ọmọ òyìnbó tí n kò rí sójú rí ló gbá a wọlé.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ yín ti yẹ̀. Ènìyàn ló ń gbá bọ́ọ̀lù púùlù. Ẹgbẹ́ tó rẹ̀ lóṣù tó kọjá lè má tíì gbádùn lóṣù yìí; gólì tó dá lápá kò ní í dúró sẹ́nu ilé lọ́la. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn wọn sílẹ̀ ń kọ nǹkan kan, bó ti wù kó kéré tó. (Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa kì í wo orúkọ ẹgbẹ́ rárá, nọ́mbà orí kúpọ́ọ̀nù nìkan ni wọ́n ń fi ṣe ṣáàtì. Àwọn yẹn ni babańlá yín.) Bẹ́ẹ̀ náà ni kòkó. Àgbẹ̀ Oǹdó tó bá kọ ọjọ́ tí òjò rọ̀ àti ọjọ́ tó fín oògùn sílẹ̀ kò ṣòfò, nítorí igi kòkó ní iyè: ọ̀gbẹlẹ̀ èṣí, ara rẹ̀ ni ẹ ó ti rí i lọ́dún yìí. Nígbà tí púùlù wá rẹlẹ̀ tí lọ́tọ̀ gba ìgboro, ẹ kó ọgbọ́n àtijọ́ yẹn, ẹ gbé e lé orí bọ́ọ̀lù ike. Bọ́ọ̀lù ike kò ní iyè nínú. Kò mọ̀ pé 61 ni wọ́n kọ sí òun lára. Kò mọ̀ pé òun ti pẹ́ tí òun ti jáde kẹ́yìn. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá yí, 90 ni wọ́n, 5 ló ń jáde, ọjọ́ kìn-ín-ní ayé ni lójú wọn.

Ẹ ní 61 tó sùn ńkọ́? Ẹ mú bírò. Nọ́mbà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà 5 nínú 90 láti jáde, ìyẹn 1 nínú 18. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò náà délẹ̀, ẹ ó rí i pé ọjọ́ yòówù kí ẹ ṣí ìwé yín, ó yẹ kí ẹ rí nọ́mbà bíi márùn-ún tí kò tíì jáde láti àádọ́ta ìgbà sẹ́yìn. Bí nǹkan ṣe ń rí nìyẹn nígbà tí kò sí màgòmágó. Bí gbogbo wọn bá ń jáde ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé bí ọmọ ilé-ìwé tó tò sórí ìlà, ìgbà yẹn ni ǹ bá ní kí ẹ lọ pe ọlọ́pàá wá.

Ọmọ mi ní mò ń ṣe tíṣà ni. Mo ní kó padà wá lọ́sẹ̀ mẹ́ta òní. Mo rán ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún 9, sí ìyá tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò ládùúgbò, ó kó ìdérí ìgò 90 bọ̀. Mo fi máákà kọ nọ́mbà sí inú wọn, mo dà wọ́n sínú korobá. Lálaalẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ọmọ náà á gbọn korobá gbàràgbàrà, á dijú, á mú márùn-ún, èmi á kọ ọ́. Á dà wọ́n padà, á tún mú márùn-ún fún maṣíìnì. Nígbà tó yá, ẹ̀ẹ̀mejì lálẹ́ ló fẹ́ máa mú un, eré náà dùn mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ bínú sí mi nítorí ariwo. Nígbà tí a ní ogójì ìlà, mo tò wọ́n sórí ìwé bíi tiyín gẹ́lẹ́, mo fi bírò pupa fàlà sí i, mo sì gbé e fún ọ̀gbẹ́ni nígbà tó dé. Mo ní ìwé kan tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni, kó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ wo bí ojú rẹ̀ ṣe tàn! Ó fa àga, ó tẹ̀ ba lórí ìwé náà bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ tó rí kànga. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi rí kẹ́ẹ̀yì, ọ̀nà tó ní nọ́mbà ń tọ̀. "Tíṣà, ṣáàtì yìí dùn o! Ẹ wo 8 bó ṣe ń pe 53 wá, 8 sókè, 53 nísàlẹ̀, káńtápáàtì ara wọn ni!" Ó rí tọ́nìn, ó rí nọ́mbà kan tó ní ó ń rìn bí alákàn, ó fi ìlà so wọ́n pọ̀ títí ìwé fi dà bí àwọ̀n. Ó bi mí bóyá National ti ọdún 2016 ni. Ó wá fi gbogbo ẹnu fún mi ní nọ́mbà mẹ́ta tó ní àwọn ló ń jáde tẹ̀ lé e. Mo pe ọmọ náà láti yàrá. Ó gbé korobá rẹ̀ jáde, ó gbọ̀n ọ́n lójú wa, ó mú márùn-ún.

Ọ̀kan wọlé nínú mẹ́ta náà.

Ẹ ẹ̀ rò pé ojú máa tì í? Ó fò sókè. "Ẹ rí i! Mo sọ fún yín!" Ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló ń fò sókè sí o. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tí à ń ṣe. Mo jókòó tì í, mo ṣírò rẹ̀ fún un bí ìgbà kíláàsì kẹrin: ẹni tó bá dijú tó dárúkọ nọ́mbà mẹ́ta èyíkéyìí máa rí ọ̀kan mú, ó kéré tán, ní bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́fà. Bó bá dárúkọ mẹ́wàá, bí àwọn pépà àsọtẹ́lẹ̀ tí ẹ ń fowó rà lọ́wọ́ fókáàsítà, á rí ọ̀kan mú ní bí ìgbà 45 nínú 100. Ewúrẹ́ tó bá mọ̀wé kà lè ṣe iṣẹ́ fókáàsítà.

53 tó fẹnu kàn yẹn, ó ti pa ènìyàn rí. Eré 90-mú-5 yìí kan náà ni wọ́n ń ta ní Ítálì. Ìlú Genoa tiwọn ló ti ṣẹ̀. Ìlú Venice ní nọ́mbà tirẹ̀ tí wọ́n ń yọ lọ́tọ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2003, 53 kò jáde ní Venice mọ́. Wọ́n ní ó sùn, wọ́n ní ó di dandan kó jí, ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi sọ nípa 61 gẹ́lẹ́. Ìgbà 182 ni wọ́n yọ nọ́mbà tí kò sí 53 níbẹ̀. Bó ṣe ń pẹ́ sí i ni wọ́n ń fowó kún owó, títí iye tí wọ́n dá lé nọ́mbà kan ṣoṣo yẹn fi lé ní bílíọ̀nù 3 owó Yúrò. Àwọn kan pa ara wọn. Obìnrin kan ná gbogbo owó tí ìdílé rẹ̀ fi pamọ́, ó lọ kó sókun. Ní oṣù kejì ọdún 2005, 53 jáde wẹ́rẹ́. Àwọn yẹn náà ní ṣáàtì o. Òyìnbó ni wọ́n, kọ̀ǹpútà wà nílé wọn.

Ẹ jẹ́ ká dé orí owó, nítorí ibẹ̀ ni ẹ kì í fẹ́ ká dé. Tú-ṣọ̀, náírà kan á mú 240 wá. Ẹ fi 100 ta á, ẹ gba 24,000. Ó dùn létí. Nínú nọ́mbà 90, méjìméjì tó ṣeé so pọ̀ jẹ́ 4,005. Nínú márùn-ún tó bá jáde, mẹ́wàá péré ló wà. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan nínú bí 400 ìgbà ni tú-ṣọ̀ yín ń wọlé, ẹ lá a lálàá o, ẹ rí i lára pósítà òkú o, ẹ fi ọdún mẹ́rìndínlógún ṣe ṣáàtì rẹ̀ o. 100 náírà lọ́nà 400 jẹ́ 40,000. Ẹ gba 24,000. Ta ló kó 16,000? Ẹ sì tún máa ń sọ pé tú-ṣọ̀ kéré, ẹ fẹ́ mẹ́ta, torí pé 2,100 ni ti mẹ́ta. Mẹ́ta ń wọlé lẹ́ẹ̀kan nínú bí 11,748. Nínú 100 náírà tí ẹ bá kó síbẹ̀, bíi 18 ló ń padà sọ́wọ́ gbogbo yín lápapọ̀. Pàámù, síso nọ́mbà púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò gbà yín: pàámù méjì nínú nọ́mbà mẹ́wàá, ìlà 45 ni. Tíkẹ́ẹ̀tì 45 lẹ rà, wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kan ni.

N kò bá Olóyè Kessington Adébùtú jà, ọmọ Ìpéru tó dá Premier Lotto sílẹ̀, tí ẹ ń fi ìnagijẹ rẹ̀, Bàbá Ìjẹ̀bú, pe gbogbo eré náà. Oníṣòwò ni. Iye tí wọ́n máa san, gbangba ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹni tí inú mi ń ru sí ni fókáàsítà orí WhatsApp tó ń sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ń ṣiṣẹ́ ní Brennan Hall ní Accra níbi tí wọ́n ti ń yọ nọ́mbà Gánà, kí ẹ fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún ránṣẹ́ kí òun fún yín ní èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ẹ̀yin tí orí yín pé, ẹni tó mọ nọ́mbà tó máa jáde lọ́la, ẹgbẹ̀rún márùn-ún yín ló kù tó ń wá? Iṣẹ́ rẹ̀ kò sì le. Ó fún ẹni 400 ní tú-ṣọ̀ tó yàtọ̀ síra. Ọ̀kan máa jẹ nínú wọn, bí kò jẹ lónìí, á jẹ lọ́túnla. Ẹni yẹn ló máa ya fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ síta. Ẹni 399 tó kù ń wo fọ́tò náà, wọ́n ń sọ pé ọ̀la ni tàwọn.

Mo mọ àgbẹ̀ kan, ìtòsí Oǹdó ló ń gbé, tó ta kòkó ní 2024 nígbà tí owó kòkó lọ sókè dé ibi tí kò dé rí. Owó tí bàbá rẹ̀ kò kó jọ láyé rẹ̀. Ó fi ta lọ́tìrì, ó ní kí owó náà bí ọmọ díẹ̀ kí òun tó kọ́lé. Mo bá a pàdé ní gáréèjì lẹ́yìn ìgbà náà, ó ní kí n ya òun lówó ọkọ̀.

Àwọn kan á ní ìjọba fọwọ́ sí eré náà. Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tilẹ̀ fagi lé òfin lọ́tìrì ìjọba àpapọ̀ ti 2005, wọ́n ní ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ náà. Ìjọba méjì ń fa owó orí yín mọ́ra wọn lọ́wọ́ títí dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù, ẹ ṣì rò pé ẹ̀yin lẹ ń jẹ nínú rẹ̀.

Ọmọ mi dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo fún un ní bírò pupa, mo ní kó ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn nínú ìwé rẹ̀, kó kọ "Owó tí mo san" sórí rẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti òní. Ó kọ ọ́. Ó tilẹ̀ fi rúlà fàlà sí i nídìí. Ọwọ́ rẹ̀ wá dúró. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti pé ọmọ ọdún mélòó báyìí?"

Mo rò pé ó fẹ́ ṣàdúrà fún mi ni. Mo ní 78.

Ó kọ 78 sórí ojú ewé náà. Ó wò ó. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ ń dán.

"Bàbá tí ẹ sin ní Oǹdó, 87 ni."